Ẹni Kẹẹ̀ẹ́dógún: Ìtàn Ìgbésí Ayé Sydney Chapman

Ojú ìwé yìí la ti máa ń sọ ìtàn ẹni ńlá tó ti lọ, àmọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá a lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, òyìnbó kan ló kàn, ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Kì í ṣe ọmọ Ọ̀jọ́, kì í ṣe ará Ìbà, kò sì sí nínú àwọn tó ń du dáńfó ní Okokomaikò láàárọ̀. Ṣùgbọ́n odò iná kan ń bẹ lójú sánmà Nàìjíríà tó ń ṣàn lójoojúmọ́ tí oòrùn bá ti là. Ojú lásán ò rí i, etí ò gbọ́ ọ. Ọkùnrin yìí ló fún odò náà ní orúkọ tí gbogbo àgbáyé ń pè é dòní.

Sydney Chapman lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ka físíìsì ní LASU nínú wa á ti bá orúkọ yẹn pàdé nínú ìwé. Àwa tó gba Poli kọjá, àtàwọn tó gba ẹnu òwò lọ ní Alábá, ó ṣeé ṣe ká má gbọ́ ọ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ìtàn náà fún tíṣà, ó ń bẹ níbẹ̀ fún ọmọ tó gbẹ̀yìn nínú kíláàsì, ó sì ń bẹ níbẹ̀ fún àwa tí a ti ń di àgbà díẹ̀díẹ̀.

ÀYÈ TÓ KẸ́YÌN

Ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 1888 ni wọ́n bí i ní Eccles, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Salford àti Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òwò aṣọ ló gbé gbogbo agbègbè náà ró nígbà náà, akápò nílé iṣẹ́ aláṣọ kan sì ni bàbá rẹ̀. Wọn ò lówó rẹpẹtẹ, ebi ò sì pa wọ́n.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 14, èrò ilé ni pé kó lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Wọ́n wá gbà kó ṣì kàwé sí i ná, ló bá wọ Royal Technical Institute ní Salford. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ni, irú èyí tí àwa ń pè ní Poli. Ọdún 1967 ló tó di Yunifásítì Salford. Àwọn tó máa ń yínmú sí ọmọ Poli, ẹ bá wa sọ fún wọn.

Ní 1904, tó di ọmọ 16, ó jókòó ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba agbègbè Lancashire fi ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ọmọ 15 péré lowó wà fún. Èsì jáde, Chapman ló ṣe ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Ká ní ọmọ kan péré tún fi máàkì kan yọrí jù ú lọ ni, ilẹ̀kùn ì bá ti. Òun fúnra rẹ̀, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, a máa rò ó pé kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ipò kan péré lòun tún fi rẹlẹ̀ sí i.

Yunifásítì Manchester ló lọ. Ẹnjiníà ló kọ́, ní ẹ̀ka tí Osborne Reynolds, gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa bí omi ṣe ń ṣàn, jẹ́ olórí rẹ̀. Ó gboyè ní 1907, àmọ́ ìṣirò ti gbà á lọ́kàn débi pé ó tún fi ọdún kan sí i kó lè gboyè ìṣirò pẹ̀lú. Láti ibẹ̀ ló ti rí àyè wọ Trinity College ní Cambridge. Ẹni tó gba àyè tó kẹ́yìn ti wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀ràn ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí.

ABẸ́RẸ́ TÓ Ń GBỌ̀N

Ní 1910, Frank Dyson, olórí ilé ìwòràwọ̀ ìjọba ní Greenwich, gbà á síṣẹ́. Ara ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára òòfà ayé. Gbogbo wa la mọ kọ́ńpáàsì, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń nàka sí àríwá. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé abẹ́rẹ́ yẹn kì í dúró jẹ́ẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń yẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, bí oòrùn ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, á kàn ṣàdédé máa gbọ̀n bí ewé nínú ìjì, káàkiri ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjì òòfà ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n yìí sílẹ̀ ní Greenwich, ìwé ti kún inú àká, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an. Bí ẹni ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sápò láìní òwú tó máa fi sín in ni. Òwú yẹn ni Chapman fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ wá.

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Chapman ò gbà pé ó tọ́ kéèyàn máa pa èèyàn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ̀ láti jagun. Nǹkan kékeré kọ́ láyé ọjọ́un, ojú ojo ni wọ́n fi ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú pópó. Greenwich ló padà sí láti 1916 títí di 1918. Àárín àsìkò náà gan-an ló ṣe iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Ẹ ronú nípa ọjà Alábá lọ́jọ́ Sátidé. Kò sẹ́ni tó lè tẹ̀lé gbogbo èèyàn inú ọjà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n béèyàn bá mọ bí ẹni méjì ṣe ń yà fún ara wọn tí wọ́n bá pàdé, tó sì mọ ìṣirò, ó lè sọ bí gbogbo èrò ṣe máa ṣàn, ibi tí wọ́n á ti fún mọ́ra, àti bí ìròyìn ṣe máa yára tó láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn. Bí gáàsì náà ṣe rí nìyẹn. Àìmọye horo tíntìntín ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń kọlu ara wọn. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1916 àti 1917, Chapman fi hàn bí a ṣe lè ti ara ìkọlù horo méjì mọ bí odindi gáàsì ṣe máa gbé ooru, bó ṣe máa ki tó, àti bí gáàsì kan ṣe máa wọ inú òmíràn. David Enskog ní Sweden gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibì kan náà ní 1917. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n wá fi ń pe ìṣirò náà.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ló kan ará Okokomaikò nínú èyí. Ó kàn wá. Tí gáàsì bá gbóná kọjá ààlà, àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á já kúrò lára átọ́ọ̀mù wọn, gáàsì náà á di ohun tó ń gbé iná. Plasma nìyẹn, orúkọ tí Irving Langmuir ti Amẹ́ríkà fún un ní 1928. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì lẹ́nu irin àwọn wẹ́dà, plasma ni. Mànàmáná, plasma ni. Oòrùn fúnra rẹ̀, plasma ni. Nínú oòrùn, kóró átọ́ọ̀mù ń so pọ̀ mọ́ ara wọn, ooru àti ìmọ́lẹ̀ ń jáde. Wọ́n ń pè é ní fusion. Ó ti lé ní 70 ọdún táwọn onímọ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa mú un wá sáyé kó lè fún wa níná.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò síkòkò tó lè gba ohun tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ògiri agbára òòfà ni wọ́n fi ń sé e mọ́, ooru sì máa ń jò gba ara ògiri náà. Láti mọ bó ṣe ń jò, S. I. Braginskii ní Soviet Union gbé ọ̀nà Chapman àti Enskog, ó sì tún un ṣe fún plasma tó wà nínú agbára òòfà. Títí dòní, ibẹ̀ làwọn onímọ̀ fusion ń gbà kọjá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ilé ìwádìí kan ní California tó ń fi iná lésà ṣe tirẹ̀ rí agbára mẹgajúùlù 3.15 látinú fusion, nígbà tó jẹ́ pé 2.05 ni lésà náà gbé lé e. Iná tí a lè fi se iṣu ṣì kù sẹ́yìn. Àmọ́ ìṣirò tí ọmọ ilé Poli kan ṣe nígbà tí wọ́n ń wò ó bí ojo wà lára ìpìlẹ̀ ilé náà.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ A WÍ

Ogun parí, ipò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní 1919, Royal Society gbà á wọlé, ó sì di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Manchester, ilé ẹ̀kọ́ tó tìtorí àyè tó kẹ́yìn wọ̀. Ní 1922, ó fẹ́ Katharine Steinthal, wọ́n bí ọmọ mẹ́rin. Ní 1924, ó kọjá sí Imperial College ní London. Ẹni tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ó sì fẹ́ràn kó máa wẹ̀ lódò.

Ní àkókò yìí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí a máa nílò rẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn ogun yẹn, Chapman gbé àbá jáde pé oòrùn ló ń tu horo oníná jáde, tí wọ́n ń wá kọlu òòfà ayé, tí ìjì òòfà fi ń jà. Ṣùgbọ́n irú iná kan náà ló ní gbogbo horo náà gbé. Frederick Lindemann tako ó ní 1919. Ó ṣàlàyé pé ohun tó bá gbé irú iná kan náà á máa ti ara wọn ni, wọ́n á ti fọ́n ká kí wọ́n tó débí. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú iná méjèèjì ló dà pọ̀ tí wọ́n sì dọ́gba. Lédè tòní, plasma ni Lindemann ń sọ.

Ẹlòmíràn á gbé ìjà dìde. Chapman ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé àbá Lindemann, òun àti Vincent Ferraro tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì jókòó tì í. Láti 1930 ni wọ́n ti ń gbé èsì rẹ̀ jáde. Wọ́n ní tí plasma bá dé láti ara oòrùn, kò ní lè wọlé tààrà. Á yí ayé po, bí odò ṣe ń yí àpáta po, agbára òòfà ayé á sì wà nínú ihò ńlá kan láàárín rẹ̀. Nígbà yẹn, kò tíì sí ọkọ̀ kankan tó lè lọ wò ó. Ọdún 1961 ni Explorer 12, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà, tó dé etí ihò náà, ó sì bá a níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni pẹ́ńsù àti ìwé fi ṣíwájú ọkọ̀ òfuurufú.

Kò tán síbẹ̀ o. Ní 1930, ó ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ń dá ozone tó ń dáàbò bo awọ ara wa. Ní 1931, ó ṣe ìṣirò bí oòrùn ṣe ń ṣẹ̀dá ìpele oníná lókè sánmà, èyí tí wọ́n ń pè ní ionosphere. Ìpele yẹn ni ohùn rédíò ṣọ́ọ̀tù-wéfù máa ń ta lù tó fi ń padà wálẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ máa ń yí rédíò kiri láti gbọ́ BBC láti London, ìpele náà ló ń bá yín gbé e wá.

Ní 1940, òun àti Julius Bartels, ará Jámánì, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí òòfà ayé, apá méjì. Ọdún tí orílẹ̀-èdè àwọn méjèèjì ń ju àdó olóró lu ara wọn ni. Ogun kejì yìí yí Chapman lérò padà, ó sì bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ọmọ ogun wọn ṣiṣẹ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fi pamọ́. Ara ohun tí ìṣirò rẹ̀ ti 1917 fi hàn ni pé ooru lè ya horo fúyẹ́fúyẹ́ kúrò lára èyí tó wúwo. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò ní Oak Ridge, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1944 àti 1945, láti ṣa uranium fún àdó olóró átọ́ọ̀mù. Ọmọ èèyàn lè kọ̀ láti gbé ìbọn, kó má mọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa sọ̀ sí.

ÀGBÀ TÓ DI ÒGIRI

Ó kù apá kan tí àwọn tó ń yin òkú kì í fẹ́ sọ. Ṣáájú Chapman, Kristian Birkeland ti Norway ti sọ pé iná tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ aláràbarà máa jó lójú ọ̀run nílẹ̀ olótùútù, láti òfuurufú lókè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ gba ojú ọ̀nà agbára òòfà. Birkeland kú ní 1917. Chapman ò gba tirẹ̀. Ó ní gbogbo iná náà, inú ionosphere níbí ló ń gbé tó ń yí po, ìṣirò rẹ̀ sì dán bí dígí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tẹ̀ lé e.

Ọmọ Sweden kan wá dìde, Hannes Alfvén, tí wọ́n bí ní 1908, tó fi 20 ọdún kéré sí Chapman. Ọ̀rọ̀ Birkeland ló gbè. Ní 1939, ó kọ àbá tirẹ̀ lórí ìjì òòfà, ó fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá a padà. Ohun tí Alfvén sọ lẹ́yìn náà ni pé ìdí tí wọ́n fún òun ni pé kò bá àbá Chapman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Sweden níbẹ̀ ló ti tẹ̀ ẹ́, níbi tí èèyàn púpọ̀ ò ti rí i kà. Ní 1942, ó tún kọ̀wé pé irú ìgbì kan ń bẹ nínú plasma tó ń rìn lórí okùn agbára òòfà bí ìgbà téèyàn bá ta okùn gìtá. Wọn ò gbà á gbọ́. Ọdún 1948, tí Enrico Fermi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní Chicago tó sì mirí sí i, làwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀ sí í mirí. Lónìí, kò sẹ́ni tó lè ṣe iṣẹ́ fusion tàbí iṣẹ́ oòrùn láìlo ìgbì Alfvén.

Chapman kì í ṣe ìkà. Èèyàn jẹ́jẹ́ làwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti tóbi débi pé kò nílò kó lé ẹnikẹ́ni, orúkọ náà nìkan ti tó ògiri. Ọkùnrin tó gbọ́ ìbáwí Lindemann ní 1919 ti di ẹni tí ìbáwí ò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní 1966, sátẹ́láìtì ológun ojú omi Amẹ́ríkà rí àmì iná tó ń gba ojú ọ̀nà agbára òòfà sọ̀ kalẹ̀, bí Birkeland ṣe wí. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1970 sí 1979, sátẹ́láìtì Triad ti ya àwòrán ibi tí iná náà ń gbà. Birkeland àti Alfvén ló jàre.

ODÒ INÁ ÒKÈ ORÍ WA

Ká padà sílé wàyí. Ní 1946, Chapman kọjá sí Oxford. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ò tíì lórúkọ. Láti 1922 ni ilé ìwọ̀n òòfà ní Huancayo, ní Peru, ti ń rí i pé abẹ́rẹ́ tibẹ̀ ń yẹ̀ lọ́sàn-án ju ti ibòmíràn lọ fíìfíì. Ibi tí agbára òòfà ayé ti nà tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò dorí kodò, tí kò sì gbórí sókè, ni Huancayo wà. Ìlà yẹn yí gbogbo ayé po, ó sì gba Nàìjíríà kọjá, lápá àríwá Ìlọrin. Chapman yẹ ìwọ̀n náà wò, ó sì sọ ní 1951 pé odò iná tóóró kan ló wà lókè ibẹ̀. Equatorial electrojet ló pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Bó ṣe rí nìyí. Ní nǹkan bíi 105 kìlómítà sókè, oòrùn ń sọ atẹ́gùn di oníná lọ́sàn-án, ìgbì atẹ́gùn sì ń ti iná náà lọ sí ìlà oòrùn. Níbòmíràn, ó lè tàn ká. Lórí ìlà òòfà yìí, kò ráyè lọ sókè, kò ráyè lọ sílẹ̀, ló bá fún mọ́ra bí àgbàrá òjò tó kó sínú gọ́tà. Ìbú rẹ̀ tó 600 kìlómítà. Ìlọrin wà lábẹ́ rẹ̀, Èkó wà létí bèbè rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwa ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaikò, etídò là ń gbé lọ́nà méjì: òkun lẹ́sẹ̀, odò iná lókè.

University College Ibadan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ò fi ọ̀rọ̀ náà jáfara. Láàárín 1950 sí 1959, R. W. Wright àti N. J. Skinner ti ń fi ẹ̀rọ rán ohùn rédíò lọ sókè níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ gbohùngbohùn rẹ̀ láti mọ bí ionosphere wa ṣe ga tó. Ọmọ Nàìjíríà kan, Cyril Agodi Onwumechili, gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n òòfà, ó wọn odò iná náà lórí ilẹ̀ wa, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1959, ọdún kan ká tó gba òmìnira. Òun ló padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1997, ó tẹ odindi ìwé ńlá jáde lórí electrojet yìí nìkan, ìwé tí wọ́n ń kà káàkiri ayé. Chapman ló sọ odò náà lórúkọ, àmọ́ ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó wọn ìbú rẹ̀.

Ohun tó so Ìbàdàn mọ́ ayé nígbà náà tún ti ọwọ́ Chapman wá. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún 1950, wọ́n se oúnjẹ alẹ́ fún un nílé James Van Allen nítòsí Washington. Ibẹ̀ ni Lloyd Berkner ti dá a lábàá pé kí gbogbo ayé fi ọdún kan jọ wo ayé yìí, òkè rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Chapman gbà á, òun ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀ tó ṣètò rẹ̀. Wọ́n pè é ní International Geophysical Year, láti oṣù keje 1957 títí dé òpin 1958. Ó lé ní 60 orílẹ̀-èdè tó kópa. Amẹ́ríkà àti Soviet Union tí wọ́n ń fọwọ́ sí ara wọn lójú, àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Inú ọdún náà ni Sputnik gòkè, inú rẹ̀ ni Explorer 1 gòkè, àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ Ìbàdàn sì wà lára ohun tí ayé fi mọ bí sánmà ìlà òòfà ṣe rí. Ìlẹ̀kẹ̀ Greenwich ọjọ́sí ti rí òwú.

ALẸ́ ỌJỌ́ RẸ̀

Ó fi Oxford sílẹ̀ ní 1953, ṣùgbọ́n kò lọ jókòó. Ó ń pín ọdún rẹ̀ sí Alaska, níbi tí òtútù ti ń pa igi, àti Boulder ní Colorado. Ní 1957, ó ṣírò rẹ̀ pé atẹ́gùn gbígbóná tó yí oòrùn ká nà kọjá ibi tí ayé wa wà. Eugene Parker mú ìṣirò náà, ó bi í ní ìbéèrè kan sí i, ó sì rí i ní 1958 pé atẹ́gùn náà kò lè dúró sójú kan, ó ń fẹ́ ni. Atẹ́gùn oòrùn tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí nìyẹn.

Ní 1958 kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Japan, Syun-Ichi Akasofu, wá bá a kẹ́kọ̀ọ́ ní Alaska. Bàbá ti di ẹni 70 ọdún. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bí bàbá àti ọmọ. Ní 1964, Akasofu ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ aláràbarà yẹn ṣe ń bú jáde tó sì ń rọlẹ̀ lóru, àwọn onímọ̀ sì ń lo àlàyé náà di ìsinsìnyí. Ọdún 1964 yìí kan náà ni Royal Society fún Chapman ní Copley Medal, ẹ̀bùn wọn tó ga jù. Ìwé ńlá tí òun àti Akasofu jọ kọ jáde ní 1972, lẹ́yìn tí bàbá ti lọ.

Ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 1970 ló kú ní Boulder, lẹ́ni ọdún 82. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n kéde ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì. Hannes Alfvén wà lára àwọn méjì tó gbà á, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí plasma àti òòfà. Oṣù mẹ́rin péré ló wà láàárín.

Èwo la fẹ́ mú níbẹ̀? Àwọn baba wa sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìgbà tí Chapman gbọ́ ti ẹlòmíràn, ìṣirò rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún ṣíwájú sátẹ́láìtì. Ìgbà tí orúkọ rẹ̀ di ògiri, ìmọ̀ dúró fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹnì kan náà ló ṣe méjèèjì. Ẹ̀yin tíṣà wa, àti àwa tí a ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ wa, ọmọ tó bá ń bá wa jiyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìṣirò rẹ̀ wò ká tó wo ọjọ́ orí rẹ̀.

Èkejì ni ti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ń dá owó fún ọmọ ilé ìwé, ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta la máa ń pè jáde, a ó ya fọ́tò, ó parí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ni Lancashire sanwó fún ní 1904, orúkọ Chapman ì bá má sí nínú ìwé kankan. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa ronú nípa bí àkójọ náà ṣe máa gùn sí i, kódà kí owó ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré díẹ̀. Iṣẹ́ tí Chapman ṣe, pẹ́ńsù, ìwé àti sùúrù ló gbà jù. Kò sí èyí tí ọmọ Ìbà tàbí ọmọ Okokomaikò ò lè ní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀ka físíìsì sì wà ní LASU ní Ọ̀jọ́ níbí, kò ju owó dáńfó kan lọ. Odò iná náà kúkú ń ṣàn lókè wa. Ẹni tó máa sọ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa lè jẹ́ ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún ní kíláàsì wa lọ́dún yìí.